Tọ́ọ̀ṣì tí Ìbítóyè Fi Ránṣẹ́

Láti Kàdúná ni ọmọ mi ti fi í ránṣẹ́,
nínú páálí tí wọ́n tẹ́ fóòmù sí bí ibùsùn ìkókó.
Ó wúwo ju ọmọ odó lọ.
Wọ́n kọ ọ́ sí ìhà rẹ̀: lúmẹ́nì ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ni ní ìṣirò ní Ògìdì níbí,
n kì í gba iye kankan gbọ́ láì rí iṣẹ́ tí wọ́n fi ṣe é.
Mo mú ìwé kan, mo fa ìlà sí i láàárín:
òsì fún ohun tó sọ, ọ̀tún fún ohun tó ṣe.

Lálẹ́ àkọ́kọ́ mo dúró sí ẹ̀yìnkùlé,
mo tẹ bọ́tìnnì.
Òkè tó ti sùn láti ìrọ̀lẹ́ dìde jókòó.
Mo rí igi orí àpáta, mo rí ewé orí igi,
mo rí ewúrẹ́ Ìyá Jẹ́mírìn tó ti sọnù láti ọjọ́ Ẹtì,
ó ń jẹko níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gùn dé,
ó yíjú sí mi bí olè tí wọ́n ká mọ́ inú abà.
Àkùkọ mẹ́ta kọ, aago mẹ́sàn-án ò sì tíì lù.
Ẹnìkan pariwo láti ìsàlẹ̀ àdúgbò:
"Ta ló pe Olúwa wálẹ̀ láì sọ fún wa?"

Mo fún un ní máàkì.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka ìṣẹ́jú mẹ́rin.
Orí rẹ̀ gbóná débi pé àkísà ni mo fi dì í mú,
fáànù kékeré inú rẹ̀ ń han bí ẹ̀fọn.
Ní ìṣẹ́jú karùn-ún, láì bi mí,
ó sọ ara rẹ̀ di ìdá kan nínú mẹ́ta.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀: agbára tí kò pẹ́ tó àtimu abọ́ ẹ̀kọ kan.
Wákàtí méje ló fi ń gba iná.
Dáísì tó ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣáàjì fóònù
gba owó fóònù mẹ́fà lọ́wọ́ mi,
ó ní, "Tíṣà, ẹṣin lẹ gbé wá mumi yìí."

Mo gbé e lọ sóko ní ìdájí, ìkùukùu bolẹ̀.
Mo tàn án: ògiri funfun dìde níwájú mi.
Gbogbo ayé mọ́lẹ̀, àfi ibi tí mo fẹ́ gbẹ́sẹ̀ lé.
Orí ebè iṣu ni mo ti bá ara mi,
mo sì jókòó síbẹ̀ dúró de oòrùn.

Abẹ́rẹ́ ìyàwó mi bọ́ sórí ẹní.
Mo ní kó dúró, mo gbé ohun ńlá dé.
Ó fọwọ́ bojú: "Jọ̀ọ́, pa á, kí n lè ríran."

Mo ti fẹ́ dá a padà
kí nọ́ọ̀sì tó rán wa níṣẹ́ lóru òjò ọjọ́ kan.
Obìnrin kan ń rọbí ní ilé ìwòsàn, iná ti lọ,
fóònù tí wọ́n ń tàn ti kú.
Ìpele tó kéré jù ni mo yí i sí,
èyí tí páálí ò tilẹ̀ dárúkọ.
Mo nà án sí àjà, ìmọ́lẹ̀ rọra rọ̀ sílẹ̀ bí òwú,
kò gbóná, kò han, kò kú.
Mo dojú kọ ògiri, mo dì í mú
títí igbe kékeré kan fi ta lẹ́yìn mi.
"Bàbá, òkun o," ni nọ́ọ̀sì wí.
Apá mi ti kú pátápátá.

Ọwọ́ ọ̀tún ìwé mi ṣófo fún ọjọ́ yẹn.

Ìbítóyè, o bi mí bóyá ó wúlò.
Ó wà ní ilé ìwòsàn, wọ́n ti so okùn mọ́ ọn.
Ewúrẹ́ yẹn kò tíì sọ̀ kalẹ̀.
Tí o bá ń bọ̀ ní Kérésì,
bá mi ra òkúta bátìrì méjì, èyí tó tóbi,
fún tọ́ọ̀ṣì mi àtijọ́:
òun ni mo ṣì fi ń lọ ṣáláńgá.