Ṣíbí Tòmátì Kan

Ìkúùkù ti gbé odò Adda mì láàárọ̀ ọjọ́ náà,
afárá ò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.
Ìyá ìyá mi, Ersilia, ra ẹran bọ̀ lọ́dọ̀ Tarcisio alápatà:
ojúgun ọmọ màlúù, ègé mẹ́rin,
ó nípọn tó ìka mẹ́ta tí a tò pọ̀,
egungun ranjú mọ́ wa láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ó fi ọ̀bẹ la etí ẹran kó má baà ká jọ,
ó so okùn mọ́ wọn nídìí bí ẹni ń so bẹ́líìtì fún ọmọdé,
ó fi ìyẹ̀fun pa wọ́n lára fẹ́ẹ́rẹ́.
Bọ́tà ti ń hó. Ẹran wọlé. Ṣàà!
"Má fọwọ́ kàn án," ó ní. "Jẹ́ kó pọ́n fúnra rẹ̀."

Wọ́n ní a-ní-sùúrù yóò se òkúta jinná, yóò mu omitoro rẹ̀.
Òkúta tí Ersilia fẹ́ sè lọ́jọ́ náà
ń bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin láti Cremona:
Norma, àbúrò rẹ̀,
tí wọn ò tíì bára wọn jẹun láti ọdún mọ́kànlá
nítorí ìkòkò bàbà kan tí ìyá wọn fi sílẹ̀
láìsọ ẹni tó ni ín.
Lodi lorúkọ ìlú wa. Àwọn méjèèjì sì ti lòdì síra wọn
débi pé káàdì Kérésì pàápàá ò kọjá odò.

Norma wọlé, ó gbọn ìrì kúrò lára kóòtù,
ó rí ìkòkò bàbà náà lórí iná,
kò wí nǹkan kan.
Ó gbé agolo tòmátì jáde nínú báàgì, ó gbé e ka orí tábìlì
bí ẹni gbé ìwé ìpẹ̀jọ́ kalẹ̀.
"Tòmátì kì í wọ inú rẹ̀," ni Ersilia wí.
"Ìyá wa máa ń fi sí i, bí o bá ti lọ síbi iṣẹ́."
"Irọ́."
"Ó dáa."

Àlùbọ́sà, káròtì, sẹ́lẹ́rì ti rọ̀ nínú bọ́tà.
Wáìnì funfun bọ́ sí i, ó pariwo, ó gbẹ.
Omi ẹran tẹ̀ lé e. Ìdérí. Iná kékeré,
irú èyí tí èèyàn ní láti bẹ̀rẹ̀ wò kó tó mọ̀ pé ó wà láàyè.
Wákàtí méjì.
Èmi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ni wọ́n ní kí n máa wo aago.
Mo jókòó sáàárín arúgbó méjì tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu wọn,
ìkòkò nìkan ló ń sọ̀rọ̀,
pọ̀tọ̀ pọ̀tọ̀, pọ̀tọ̀,
bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ lábẹ́ aṣọ ìbora.

Ersilia jáde lọ já pásílì ní balikóní.
Norma dìde. Ó ṣí ìdérí. Ṣíbí kan péré. Ó pa á dé.
Ó wò mí.
Mo wo aago.

Ersilia padà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun ti ewé lọ́wọ́,
imú rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan.
Ó ha èèpo lẹ́mọ́ọ̀nù, ó gé áyù wẹ́wẹ́, ó gé pásílì,
ọ̀bẹ ń ró lórí pátákó ju bó ṣe yẹ lọ.
Ó da gbogbo rẹ̀ sórí ẹran. Ó bu ọbẹ̀ díẹ̀, ó tọ́ ọ wò.
Ó tún tọ́ ọ wò.
"Iyọ̀ rẹ̀ kù díẹ̀," ló wí.

Ìrẹsì pupa rúsúrúsú bí ìyeyè, safuránì ló rẹ ẹ́.
Ẹran já kúrò lára egungun láìfọ̀bẹ kàn án.
Ó wá ku mùdùnmúdùn nínú ihò,
tó ń gbọ̀n, tó ń dán,
ohun tí ọmọdébìnrin méjì ti tìtorí rẹ̀ fa ara wọn nírun
nílé ìyá kan, kí ogun tó dé.
Ersilia fi ṣíbí tín-ínrín wa ti inú egungun tirẹ̀ jáde,
ó fi sínú àwo Norma.
"Dókítà ní n kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́."
"Jẹ ẹ́."
Ó jẹ ẹ́.

N kò lè sọ pé wọ́n parí ìjà.
Ọkọ̀ ojú irin aago mẹ́fà ò dúró de ẹnikẹ́ni,
ọ̀dọ̀ wa sì ni ìkòkò bàbà náà wà títí dòní.
Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé mo ṣí fíríìjì, mo ń wá mílíìkì,
mo rí agolo tòmátì níbẹ̀,
àwo kékeré bò ó lórí.
Ó ti dín sí i.