Okun, Okùn, Òkun

Òkun ni mo mọ̀. Okùn ni mo mọ̀ ọ́n dì.
Ṣùgbọ́n okun tó sá kúrò lára Steinvör,
àbúrò mi, ọmọ ìyá mi,
n kò mọ èbúté tó gúnlẹ̀ sí.

Ọ̀fìnkìn ọjọ́ mẹ́fà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.
Ibà lọ. Ikọ́ lọ.
Àárẹ̀ jókòó, ó ní òun kò bá wọn wá,
òun kì yóò bá wọn lọ.
Ọdún kẹta rèé.

Steinvör tó ń gbé àpótí ẹja méjì lẹ́ẹ̀kan náà
nílé iṣẹ́ ẹja Siglufjörður,
ọjọ́ tó bá fọ irun orí rẹ̀,
ọjọ́ mẹ́ta ni yóò fi san gbèsè rẹ̀
nínú òkùnkùn, aṣọ lójú, òwú létí.

"Sinmi," ni wọ́n ní. Ó sinmi.
Ẹja gbígbẹ tí a rẹ sómi mọ́jú,
bó pẹ́ bó yá, yóò rọ̀.
Ó rẹ̀ ẹ́, a rẹ ẹ́ sínú oorun,
ó jí, ó gan paali.

Ni Álfrún bá dé láti Akureyri,
obìnrin tí bàtà rẹ̀ ń jò,
tó ń kọ́ ìmọ̀ ohun tí ẹ̀jẹ̀ ń sọ.
Ó gbé e gun kẹ̀kẹ́ tí kì í lọ síbì kan,
ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré,
ó fa ẹ̀jẹ̀ lónìí, ó tún fà á lọ́la.
Ìṣẹ́jú mẹ́jọ yẹn, ọjọ́ mọ́kànlá ni ó fi dùbúlẹ̀ lé e lórí.

Ó ní: "Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, ààrò kéékèèké wà.
Oúnjẹ ni igi. Èémí ni abẹ̀bẹ̀.
Ti Steinvör, igi wà, iná kò ràn,
èéfín kíkan ló ń kún iṣan."
Mo ní, "Ṣé igi ló tutù ni, àbí abẹ̀bẹ̀ ló ya?"
Ó wò mí títí.
"Ìyẹn gan-an ni a kò tíì mọ̀."

Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún gbólóhùn yẹn.
Dókítà mẹ́rin tó ṣáájú rẹ̀ ló mọ̀:
wọ́n ní ọ̀lẹ ni.

Báyìí ni èmi tí n kò mọ̀ ju ká se ọ̀dùnkún lọ
di ẹni tó ń fi òṣùwọ̀n wọn oúnjẹ.
Òróró ẹ̀dọ̀ ẹja kọ́ọ̀dù, ṣíbí kan,
bí ìyá wa ti ń fún wa, tí a ń di imú.
Magnísíọ̀mù lálẹ́. Abẹ́rẹ́ fítámì ní Ọjọ́rú.
Kápúsù pupa kan tó wọ́n ju ẹran àgùntàn lọ.
Mo yọ búrẹ́dì, mo dá a padà.
Mo yọ wàrà dídì, ó sunkún, mo dá ìyẹn náà padà.
Inú ìwé tí mo fi ń ka iye ẹja ni mo ń kọ wọ́n sí:
ìgbésẹ̀ mélòó dé ojú fèrèsé,
ọjọ́ wo ló rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ kan, ó rìn dé etí èbúté. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́.
Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, abẹ́rẹ́ kan náà,
ṣíbí wúwo lọ́wọ́ rẹ̀.
Mo fẹ́ pa ojú ìwé yẹn rẹ́.
Álfrún ní, "Má pa á rẹ́. Òun náà ń sọ̀rọ̀."

Nísinsìnyí, bí ẹni pín epo ọkọ̀ ojú omi ló ń pín okun rẹ̀:
ìdajì fún àlọ, ìdajì fún àbọ̀;
kò sí ti ìjì.

Òní ni oòrùn yọ lórí òkè,
àkọ́kọ́ láti oṣù kọkànlá.
Gbogbo ìlú ń dín àkàrà pẹlẹbẹ, wọ́n ń mu kọfí.
Steinvör ní kí n ṣí aṣọ fèrèsé, ìwọ̀n ìka kan.
Ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí i lẹ́yìn ọwọ́.
Ó yí ọwọ́ náà padà, ó wo àtẹ́lẹwọ́,
ó ní, "Ó tó."

Mo fa aṣọ náà dé.
Mo kọ ọ́ sínú ìwé, láàárín ẹja àti òróró:
oòrùn, ìṣẹ́jú méjì.