Òwú Abẹ́ Ewé

Mo kọ́kọ́ pè é ní òwú tìmùtìmù
tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbé jáde láti yàrá.
Ìbíwùmí ní ayé ni, wọ́n ti rí i,
kí n gbé àbámodá mi kúrò lójú ọ̀nà.
Mo wọ awò ojú. Mo yí ewé dà.

Òwú ń rìn.

Ó lẹ́sẹ̀, ó nírù tín-ín-tín,
ó ti ẹnu bọ iṣan ewé, ó ń mu ún.
Èèrà dúdú sì wà lẹ́yìn wọn bí darandaran,
wọ́n ń da agbo wọn láti ewé dé ewé,
wọ́n ń fún wàrà dídùn lára wọn.

Ní Mọ̀pà níbí, a mọ bí a ṣe ń lé màlúù lóko;
ta ni yóò bá mi lé èyí nínú abọ́ tánganran?

Mo gbé abọ́ jìnnà sí etí erin tó wà lójú fèrèsé.
Ọmọ mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Ẹ̀gbẹ̀ fi sipiriti ránṣẹ́:
mo fi òwú gidi nu òwú èké,
oríkèé kan lẹ́yìn òmíràn, bí ẹni ń nu etí ọmọ.
Omi ọṣẹ dúdú tẹ̀lé e nírọ̀lẹ́.
Mo da eérú yí ẹsẹ̀ àga ká; àwọn darandaran pẹ̀yìndà.

Ó ku ewé mẹ́ta.
Ọ̀kan já bọ́, mo rò pé ó ti tán.
Lánàá, etí rẹ̀ yọ ọmọ mẹ́rin lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Mo ṣì ń yí wọn dà láràárọ̀.
Òwú kan wà níbẹ̀ lónìí.
Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ó fò lọ.
Òwú ni.