Òru Ọjọ́ Ìdíje Kù Ọ̀la

Erùpẹ̀ oko bàbá Túyì n'Ídànrè la bù sígò.
A wá kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀,
a gé àbùdá rẹ̀, a lẹ òmíràn mọ́ ọn, a ní:
"Bó o bá gbóòórùn kòkó tó ń rà, tàn."

Oṣù mẹ́ta. Kò tàn.
Mosún ti ń palẹ̀ mọ́.

Aago méjì òru, ní Ọbańlá, iná lọ.
Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́.
Mò ń táràrà wá fóònù mi
nígbà tí Túyì fà mí láṣọ:

nínú àwo kẹta,
àìfojúrí ń wò wá,
ó tutù bí ojú ológbò.

A ò gba ife ẹ̀yẹ.
Bàbá Túyì kàn bi wá
bóyá ó lè ṣọ́ oko títí òjò á fi dá.