Fìríìjì Oníkẹrosíìnì

Kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, etí rẹ̀ ti pọ́n bí ewé tó fẹ́ já.
Mo rà á lọ́wọ́ Jíbírílù ọmọ onífọ́tò,
ní Pàkátà, lẹ́yìn ìrun Alásárì.

Ọdún mẹ́tàlá ni mo fi wá a.
Mo ti rí áyọ́ọ̀nù eléèédú ní Ọ̀fà.
Mo rí maṣíìnì ìránṣọ kan ní Òmù-Àrán,
ikán ti jẹ télọ̀ tó jókòó tì í, ó ku fìlà.
Ṣùgbọ́n èyí tí ń fi iná bí yìnyín,
wọ́n ní kò sẹ́ni tó ya irú rẹ̀ rí.

Òun rèé láàárín àgbàlá,
òfì lórí rẹ̀ bí ìyàwó tuntun.
Ọkùnrin márùn-ún tò tì í, ẹnu wọn pa dé;
ẹni tó sanwó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé e.

Mo gbé awò sí i, mò ń wá orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é,
àfi ọwọ́ kan
tó yọ lẹ́yìn ilẹ̀kùn,
làálì ní ìka, ìgò epo ní àtẹ́lẹwọ́.

Jíbírílù ní, "Ìyá wa Sífáwù nìyẹn.
Àwọn bàbá ń mu omi tútù,
òun ló ń jí lóru wo iná."

Lálẹ́, wọ́n mú iná lọ. Mo tan tọ́ọ̀ṣì,
mo pa "Fìríìjì, Ìlọrin" rẹ́ lẹ́yìn àwòrán,
mo kọ "Sífáwù",
mo ronú díẹ̀,
mo fi kún un: "àti fìríìjì rẹ̀."