Kò-Kàn-Yín

Onísẹ́mí gbé e wọ ilé ìtọ́jú ẹran wa ní Kétu
nínú àpò sìmẹ́ǹtì,
ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti ṣẹ́, eégbọn kún etí.
"Ajá Ìyá Àdùbí ni, nítòsí Ìdènà.
A sin ìyá lọ́jọ́ Ẹtì.
Kò-Kàn-Yín ló ń jẹ́."

Ọdún mélòó ni ìyá fi ń ju orúkọ yẹn kọjá ògiri:
Kò-Kàn-Yín! Wá jẹun!
Àwọn tó ń bá wí gbọ́, wọ́n ti fèrèsé.
Ajá nìkan ló ń sáré bọ̀,
ó rò pé oríkì ni.

Mo to eegun, mo di ẹsẹ̀,
mo ka eégbọn dé mẹ́tàdínlógójì.
Kò sẹ́ni tó wá bèèrè.

Ní ìdájí, òjò ń lu páànù,
mo rọra pè é wò.
Ìrù lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.