Ife Kejì Lórí Tábìlì

Ní Olite, níbi tí àjàrà ti gba òkè gba pẹ̀tẹ́lẹ̀,
àwa la máa ń kan ilẹ̀kùn ní kùtùkùtù,
èmi àti Nekane, àpótí yìnyín léjìká,
à ń tọrọ ohun tí ẹnikẹ́ni kì í tọrọ:
"Ẹ jọ̀wọ́, bàbá, ìtọ̀ ìdájí yín dà?"

Àwọn kan á rẹ́rìn-ín, àwọn kan á fajú ro.
Bàbá Urdániz gbé tirẹ̀ wá nínú ìgò òróró,
ó fi bébà ìròyìn wé e bí ẹni wé ẹ̀bùn.
Ó ní, "Ẹ rọra o, kí ẹ má lọ fi dín ẹyin."

Kí a tó gba ìtọ̀, a ti gba ọ̀rọ̀ ẹnu.
Fọ́ọ̀mù wa gùn bí ọjọ́ ààwẹ̀:
ẹja mélòó lọ́sẹ̀? Ẹ̀wà ńkọ́? Búrẹ́dì ńkọ́?
Wáìnì ńkọ́?
Ibẹ̀ ni ojú ti máa ń sá lọ sí àjà.
"Ife kan péré, pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán."
Gbogbo ìlú ló ń mu ife kan péré,
àgbá ńláńlá sì ń gbẹ nísàlẹ̀ ilé wọn lọ́dọọdún.

A ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹnu ò ní òṣùwọ̀n:
a máa dín in kù nítorí dókítà,
a máa bù kún un níwájú ọ̀rẹ́,
ọjọ́ orí a sì máa gbàgbé ìyókù.
Kíndìnrín ni kò mọ ẹni tí ń bi í léèrè.
Ásíìdì kan wà nínú àjàrà
tí bíà kò ní, tí èso yòókù kò fi bẹ́ẹ̀ ní,
táátárìkì lorúkọ rẹ̀.
Bó bá gba ọ̀nà ọ̀fun wọlé,
á gba ọ̀nà àpò ìtọ̀ jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ lẹ́ẹ̀mejì.
Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún,
ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá.
Tiwa kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Òru kan ti tó.

Ní Pamplona mo jókòó ti ẹ̀rọ.
Níbi tí wáìnì bá wà, òkè á yọ lójú kọ̀ǹpútà.
Òkè Bàbá Urdániz ga ju ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ.
Ife kan péré! Ife wo? Korobá?

Ó wá kan ìgò kọkànléláàádọ́rùn-ún.
Màmá Saturnina Goñi, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin:
ife kan lálaalẹ́, kò yẹ̀ rí.
Nekane ní kò wo àjà nígbà tó ń sọ ọ́.
Ìtọ̀ rẹ̀ tẹ́jú bí omi inú àwo.
Mo tún un ṣe. Mo fọ ẹ̀rọ, mo yẹ orúkọ ara ìgò wò,
mo fẹ̀sùn kan ọwọ́ ara mi.
Lẹ́ẹ̀kẹta, pẹrẹsẹ náà ni.
Ta ní í purọ́ mọ́ ara rẹ̀ pé òun ń mutí?

Nekane padà lọ nírọ̀lẹ́.
Ó bá àwo méjì lórí tábìlì, ọbẹ̀ ẹ̀wà pupa,
àti ife kúkurú kan, wáìnì kún un dé ìdajì,
níwájú àga tí kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀.
"Ti Blas ni," ni màmá wí, ó ń gé búrẹ́dì lọ.
"Ogójì ọdún ló fi rẹ́wọ́ àjàrà àwọn ẹlòmíràn.
Ẹ bi mí pé ife mélòó là ń bù nínú ilé yìí,
mo dá yín lóhùn.
Ẹ ò bi mí pé ta ní ń mu ún."
Bí ilẹ̀ bá mọ́, á dà á sídìí àjàrà ẹnu ọ̀nà.

Fọ́ọ̀mù wa ní àyè fún òdo,
ó ní àyè fún àṣìṣe.
Mo kọ òdo.
Mo wá mú pẹ́ńsùlù, mo kọ ọ́ wẹ́wẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́:
ṣùgbọ́n ìgò náà ń tán.